Sinimá Àtijọ́ Àwọn Ará Amẹ́ríkà àti Ilẹ̀ Òníru

Bí a bá pe àwọn olólùfẹ́ sinimá jọ ní Èkó, tí a sì bi wọ́n léèrè èyí tí ó dára jù lọ nínú àwọn fíìmù àtijọ́ tí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe, àríyànjiyàn yóò bẹ́ sílẹ̀ kí a tó ka ení dé èjì. Àgbà tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún yóò fọwọ́ sọ àyà pé kò sí èyí tí ó tún dà bíi The Ten Commandments tí Cecil B. DeMille gbé jáde ní 1956, níbi tí Charlton Heston ti na ọ̀pá sí òkun, tí omi sì là sí méjì. Ẹlòmíràn yóò ní irọ́ ni, pé Ben-Hur ti ọdún 1959 ni ọ̀gá wọn, nítorí eré ìje kẹ̀kẹ́ ẹṣin tí ó wà nínú rẹ̀, àti nítorí pé ẹ̀bùn Oscar mọ́kànlá ni ó gbà. Ẹni tí ó bá fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ìfẹ́ yóò dárúkọ Casablanca. Àwọn tí wọ́n dàgbà sí Agége tàbí Mushin kò tilẹ̀ ní dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Kábọ́ọ̀ì ni tiwọn, kábọ́ọ̀ì náà ni wọn yóò sì máa wí títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Sinimá kì í ṣe àlejò ní Èkó. Oṣù kẹjọ ọdún 1903 ni wọ́n kọ́kọ́ fi í han àwọn ènìyàn ní Gbọ̀ngàn Glover, Herbert Macaulay sì wà lára àwọn tí ọwọ́ wọn wà nínú bí àwọn onísinimá náà ṣe dé. Ní ọdún kejì, Aláké Gbádébọ̀ Kìíní lọ sí ìlú Ọba, wọ́n sì fi àwòrán ìrìn àjò náà hàn ní Èkó. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà yóò ti rí lára ará Ẹ̀gbá tí ó jókòó sí Èkó, tí ó ń wo Ọba rẹ̀ tí ń rìn lójú aṣọ funfun! Lẹ́yìn ìgbà náà ni ilé sinimá bẹ̀rẹ̀ sí í hù káàkiri bí olú: Casino ní Yába, Scala ní Ìbàdàn, Danjuma àti Pen Cinema ní Agége. Pen Cinema ti kógbá wọlé tipẹ́tipẹ́, síbẹ̀ orúkọ rẹ̀ kò kúrò ní oríta náà. Afárá tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ṣí níbẹ̀ ní 2021, orúkọ ilé sinimá tí kò sí mọ́ ni gbogbo ayé fi ń pè é.

Nínú àwọn ilé wọ̀nyí ni ọmọ Yorùbá ti kọ́ èdè sinimá. Áktọ̀ ni ẹni rere tí ń jà, bọ́ọ̀sì ni olórí àwọn ẹni ibi, òfin tí ó sì de gbogbo rẹ̀ pọ̀ ni pé áktọ̀ kì í kú. Kò sí ìwé kan ní Hollywood tí a kọ òfin yìí sí, ṣùgbọ́n ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Agége ju òfin ìrìnnà lọ. Bí ọta bá ba áktọ̀ lápá, pàtẹ́wọ́ ni. Bí ó bá ṣubú sí odò, wọ́n mọ̀ pé yóò wẹ̀ jáde. Láti inú ìmọ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ sinimá ti ń ṣe ìdájọ́ títí di òní. Fíìmù tí áktọ̀ rẹ̀ jà dáadáa ni fíìmù gidi. Èyí tí ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀ ju ìbọn lọ, oorun ni ó ń mú wá.

Ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ kò tọ́. A kò sì sọ èyí láti bu ẹnu àtẹ́ lu ìgbádùn ẹnikẹ́ni, nítorí ohun tí ó wu ọmọ ní í jẹ. Ohun tí ó mú ọ̀rọ̀ náà wúwo ni ohun tí ọmọ Yorùbá ń pàtẹ́wọ́ fún nígbà tí ó bá ń pàtẹ́wọ́ fún kábọ́ọ̀ì. Ẹ jẹ́ kí a mú Stagecoach ti ọdún 1939, èyí tí John Ford darí, tí ó sì sọ John Wayne di gbajúmọ̀. Ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin kan ń la aginjù kọjá, àwọn Apache lé e, ìbọn dún, àwọn Apache ń já bọ́ láti orí ẹṣin lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn ọmọ ogun ìjọba dé, gbogbo ènìyàn mí kanlẹ̀. Ta ni àwọn Apache wọ̀nyí? Àwọn ọmọ onílẹ̀ ni. Ilẹ̀ wọn ni ọkọ̀ náà ń gbà kọjá, ilẹ̀ wọn ni ọmọ ogun ń ṣọ́ fún ẹlòmíràn. Fíìmù náà kò jẹ́ kí ọ̀kan nínú wọn la ẹnu sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́. Ọmọ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń gba ilẹ̀ baba rẹ̀ jókòó sínú òkùnkùn, ó ń sọ ariwo ayọ̀ nítorí pé wọ́n gba ilẹ̀ baba ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni sinimá ṣe lágbára tó.

Kì í ṣe gbogbo kábọ́ọ̀ì ni ó rí bẹ́ẹ̀. High Noon, tí Fred Zinnemann darí ní 1952, yàtọ̀ gédégédé. Gary Cooper ni olórí ọlọ́pàá ìlú kékeré kan. Ọ̀tá rẹ̀ ń bọ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ọ̀sán gangan. Ó kiri ojúlé dé ojúlé, ó kiri dé ilé ìjọsìn, kí àwọn ará ìlú tí ó ti dáàbò bò wá ràn án lọ́wọ́, kò sì rí ẹni kan. Ọ̀rọ̀ yìí yé àgbà Yorùbá dáadáa, nítorí ó mọ ìlú tí ń fi Balógun rẹ̀ sílẹ̀ lójú ogun. Nígbà tí ìjà parí, tí àwọn ènìyàn sì tú jáde láti wá kí i kú iṣẹ́, ọkùnrin náà bọ́ àmì oyè rẹ̀ láyà, ó jù ú sínú erùpẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Fíìmù yìí yẹ ní ẹni tí í yìn ín, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbọn kò dún púpọ̀ nínú rẹ̀ títí di ìparí.

Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá kan àwọn ará Òníru, àti gbogbo ilẹ̀ tí ó ti ibẹ̀ lọ dé Àjáh, fíìmù kan wà tí ó yẹ kí ó ṣíwájú gbogbo ìwọ̀nyí, òun gan-an ni kò sì sí ní ẹnu ẹnikẹ́ni. Orúkọ rẹ̀ ni The Grapes of Wrath. John Ford kan náà tí ó ṣe Stagecoach ni ó darí rẹ̀, ó sì jáde ní 1940, ọdún kan péré lẹ́yìn tí John Steinbeck kọ ìwé ìtàn tí wọ́n gbé e kà. Henry Fonda ni ó ṣe Tom Joad. Jane Darwell ni ó ṣe ìyá rẹ̀, ó sì gba Oscar nítorí rẹ̀. Ford náà gba ti olùdarí. Dúdú àti funfun ni àwòrán rẹ̀, kò sí àwọ̀ mìíràn. Áktọ̀ kò jagun. Ó fi díẹ̀ lé ní wákàtí méjì.

Kí á tó sọ ìtàn inú rẹ̀, ó yẹ kí ọ̀dọ́ tí ń ka ojú ìwé yìí mọ ibi tí ó dúró sí. Òníru jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn Ìdẹ́jọ, àwọn olóyè onífìlà funfun tí wọ́n jẹ́ onílẹ̀ Èkó láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tí ó bá dé Òníru lónìí yóò rí ilé ńláńlá, etíkun tí a ń sanwó wọ̀, àti ilé ìtajà The Palms tí wọ́n ṣí ní 2005, níbi tí ilé sinimá Genesis Deluxe fìdí kalẹ̀ sí. Ẹni tí ó bá sì fetí sílẹ̀ yóò gbọ́ orúkọ mìíràn: Máròkó. Orúkọ náà ṣì wà lára àgọ́ ọlọ́pàá àdúgbò náà. Ìlú Máròkó fúnra rẹ̀ kò sí mọ́. Ní oṣù keje ọdún 1990, ní ayé gómìnà ológun Raji Rasaki, ìjọba fún àwọn ará ibẹ̀ ní ọjọ́ méje kí wọ́n kó ẹrù wọn, lẹ́yìn náà ni kátàpílà wọlé. Iye tí a sábà máa ń kà ni pé àwọn tí ó pàdánù ilé tó ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, èyíinì ni 300,000. Àlàyé ìjọba nígbà náà ni pé ilẹ̀ náà rẹlẹ̀, pé òkun lè bò ó mọ́lẹ̀, pé kò sì sí ìmọ́tótó níbẹ̀. Wọ́n kó díẹ̀ nínú àwọn ènìyàn náà lọ sí àwọn ilé ìjọba ní Ìlàsán àti Ìkọta. Àwọn yòókù fọ́nká. Apá kan lára ilẹ̀ tí ó rẹlẹ̀ tí kò ṣeé gbé yìí ni àwọn ilé olówó iyebíye dúró lé lórí nísinsìnyí.

Ìtàn The Grapes of Wrath bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Tom Joad ti ẹ̀wọ̀n dé, tí ó sì bá ilé baba rẹ̀ ní òfìfo. Oklahoma ni, láàárín ọdún 1930 sí 1940, nígbà tí ọ̀dá àti ìjì eruku ba oko jẹ́ ní àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà. Ẹni kan ṣoṣo tí ó bá níbẹ̀ ni aládùúgbò kan tí ń jẹ́ Muley, tí ó sá pamọ́ sínú òkùnkùn. Muley ni ó sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́. Aṣojú àwọn onílẹ̀ fi ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ wá, kò tilẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó ní kí wọ́n kúrò. Muley bèèrè ẹni tí òun lè yìnbọn lù. Aṣojú náà ní iṣẹ́ ni wọ́n rán òun. Ilé iṣẹ́ ni ó ni ilẹ̀. Ilé iṣẹ́ kì í ṣe ènìyàn. Báǹkì ni ó ń darí ilé iṣẹ́. Báǹkì náà ń gba àṣẹ láti ibòmíràn. Nígbà tí ẹ̀rọ katakata dé láti wó ilé, Muley gbé ìbọn sókè. Ẹni tí ó wà lórí ẹ̀rọ bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀ kúrò: ọmọ aládùúgbò wọn ni! Dọ́là mẹ́ta lóòjọ́ ni wọ́n ń san fún un, ó sì ní ìyàwó àti ọmọ láti bọ́. Ìbọn rọ̀ lọ́wọ́ Muley. Ẹ̀rọ wó ilé náà bí ẹni tẹ ẹyin mọ́lẹ̀.

Ohun tí Muley sọ lẹ́yìn náà ni ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ń kọ́ nípa àṣà Yorùbá gbọ́. Ó ní kì í ṣe ìwé ni ó sọ ilẹ̀ di tiwọn. Wọ́n bí wọn sórí rẹ̀, wọ́n ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, wọ́n kú sórí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ tiwọn. Bí wọ́n bá mú àgbà kan láti Ìrù tàbí láti Ẹ̀pẹ́ wá, tí wọ́n sì túmọ̀ gbólóhùn yìí fún un, yóò rò pé ẹni tí ó sọ ọ́ ti gbé nílé Yorùbá rí. Ibi tí a sin ìwọ́ ọmọ sí ni ilé rẹ̀. Ibi tí a sin òkú baba sí ni ilé ọmọ. Láàárín ìwọ́ àti òkú ni oko wà. Ilẹ̀ Yorùbá kò ní ìwé tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀rí, ẹ̀rí náà sì wà nísàlẹ̀ ilẹ̀.

Ìyàtọ̀ kan wà tí ojúlówó olólùfẹ́ sinimá kò gbọdọ̀ fò dá. Àwọn Joad kì í ṣe onílẹ̀; àgbàtọ́jú ni wọ́n fi oko náà ṣe. Bẹ́ẹ̀ náà ni púpọ̀ nínú àwọn ará Máròkó: àtìpó ni wọ́n, Ìlàjẹ, Ẹ̀gùn, Ìgbò, àti àwọn mìíràn tí wọ́n wá ibi tí owó ilé kò ti ga. Àṣà Yorùbá ní ọ̀rọ̀ láti sọ nípa àtìpó. Ìṣákọ́lẹ̀ ni ó ń san, ó lè jẹ́ iṣu díẹ̀, ó lè jẹ́ epo, kì í ṣe nítorí pé ebi ń pa onílẹ̀ bí kò ṣe kí ó lè máa rántí ẹni tí ó gbà á sílé. Bí ó bá ti ń san án, tí kò sì jókòó ti ilẹ̀ kí ó wá pe ara rẹ̀ ní onílẹ̀, a kì í lé e. Ọmọ rẹ̀ á jogún oko náà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ìjà bá sì dé, ojú kan wà tí ó lè lọ bẹ̀. Yóò lọ dọ̀bálẹ̀ fún Baálẹ̀, yóò lọ bá olórí ẹbí, yóò mú àgbà lẹ́yìn. Èyí ni ohun tí Muley ń wá tí kò rí. Ó ń wá ojú tí òun lè wò. Báǹkì kò ní ojú.

Ìjọba òde òní pàápàá kò fi bẹ́ẹ̀ ní ojú mọ́ láti ìgbà tí òfin ilẹ̀ ti ọdún 1978 ti fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà. Àwọn Ìdẹ́jọ kò gbà bẹ́ẹ̀ nígbà kan rí. Olóyè Oluwa, Àmọ́dù Tìjání, Ìdẹ́jọ bíi ti Òníru, pe ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lẹ́jọ́ nítorí ilẹ̀ Àpápá, ẹjọ́ náà sì dé Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù. Herbert Macaulay bá a lọ sí ibẹ̀. Ní 1921 ni wọ́n dá Oluwa láre pé àwọn ará ìlú ni wọ́n ni ilẹ̀ wọn, àti pé bí ìjọba bá gbà á, ó gbọ́dọ̀ san owó rẹ̀. Macaulay tí ó wà nídìí sinimá ní 1903 ni ó wà nídìí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ní 1921. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe fíìmù tòótọ́ nípa Èkó kò ní láti lọ wá ìtàn jìnnà.

Ibi tí The Grapes of Wrath ti gún ènìyàn lọ́kàn jù lọ, lójú ẹni tí a tọ́ ní ilé Yorùbá, kì í ṣe ibi ìwólé. Ọ̀rọ̀ òkú ni. Bàbá àgbà àwọn Joad kọ̀ láti lọ. Ó bu erùpẹ̀ sọ́wọ́, ó ní bí kò tilẹ̀ dára, tòun ni. Ohun tí àwọn ọmọ rẹ̀ ṣe ni pé wọ́n fún un ní oògùn ọmọdé tí ń mú oorun wá, wọ́n sì gbé e sọ́kọ̀ bí ẹrù. Kò pẹ́ tí ó fi kú lójú ọ̀nà. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́bàá títì, wọ́n sin ín lóru, Tom sì fa ojú ewé kan ya nínú Bíbélì, ó kọ orúkọ bàbá náà sí i pé ikú ara rẹ̀ ni ó kú, kí ẹni tí ó bá hú òkú náà má baà rò pé wọ́n pa á ni.

Àgbà! Lẹ́bàá títì! Nílẹ̀ Yorùbá, inú ilé ni a ń sin àgbà sí láyé àtijọ́, nínú yàrá tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí ó lè máa gbọ́ ohùn àwọn ọmọ rẹ̀. Bí ó bá kú sí ẹ̀yìn odi, wọn yóò gbé e wálé, adìẹ ìrànà yóò ṣíwájú, wọn yóò máa tu ìyẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lójú ọ̀nà títí òkú yóò fi dé ilé baba rẹ̀. Adìẹ ìrànà wo ni ó ṣíwájú bàbá àgbà Joad? Níbo ni ìyẹ́ náà ì bá sì tọ́ka sí, nígbà tí katakata ti wó ilé? Ìyá àgbà náà kú kí wọ́n tó la aṣálẹ̀ kọjá. Ìyá Tom kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó dùbúlẹ̀ ti òkú náà nínú ọkọ̀, ó sì bẹ àwọn aṣọ́bodè pé ara ìyá àgbà kò yá, kí wọ́n jẹ́ kí ọkọ̀ kọjá. Ìgbà tí gbogbo ẹbí ń wo ilẹ̀ ọlọ́ràá California níwájú, tí inú wọn ń dùn, ni ó tó sọ pé ó ti kú. Ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ sinimá ni ó gbàgbọ́ pé kò sí ìbẹ̀rù nínú fíìmù àtijọ́ bí kò ṣe ti ìbọn àti ti ẹranko King Kong. Kí wọ́n wo ojú Jane Darwell ní ibi tí a wí yìí.

Àwọn kan yóò sọ pé, kí ni ó kan ọmọ Èkó nínú ìyà òyìnbó? Ìbéèrè tí ó ní ìtumọ̀ ni. Kò sí ènìyàn dúdú kan tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ já mọ́ nǹkan nínú The Grapes of Wrath, bẹ́ẹ̀ ni fíìmù náà kò sọ pé kí àwọn baba ńlá Muley tó dé Oklahoma, àwọn onílẹ̀ mìíràn ti wà níbẹ̀, tí wọ́n lé wọn bí wọ́n ṣe wá lé Muley. Àbùkù gidi nìyẹn. Kò sì dá wà. Ní oṣù kejì ọdún 1940 tí Hattie McDaniel di ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tí yóò gba Oscar, nítorí ipa ìránṣẹ́bìnrin tí ó kó nínú Gone with the Wind, tábìlì kékeré lọ́tọ̀ ni wọ́n fi í sí, jìnnà sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọmọ Èkó tiwa, Orlando Martins, tí a bí ní 1899, ṣe ipa pẹ̀lú Ronald Reagan nínú The Hasty Heart ní 1949, ogójì ọdún ó dín díẹ̀ kí Reagan tó parí ìjọba Amẹ́ríkà. Ipa wo ni wọ́n fún un? Ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tí ẹ̀rín rẹ̀ pọ̀ ju ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Ó wà nínú Tarzan and the Lost Safari ní 1957, ó wà nínú The Nun's Story ní 1959 lábẹ́ Zinnemann tí ó ṣe High Noon. Ẹ̀yìn ìgbà tí ó padà wálé ni ó tó rí ipa tí ó bá ọjọ́ orí àti ohùn rẹ̀ mu, nínú fíìmù Kongi's Harvest. Ẹni tí ó bá fẹ́ràn sinimá àtijọ́ Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ fẹ́ràn rẹ̀ pẹ̀lú ojú tí ó là.

Síbẹ̀ àbùkù fíìmù kan kò sọ pé kí á dà á nù. Ìdí tí ó fi yẹ kí Òníru wo The Grapes of Wrath ni pé ó ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe fún Máròkó tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a bá dárúkọ Oklahoma fún ará Amẹ́ríkà tí ó mọ sinimá, ojú ìyá Joad ni yóò kọ́kọ́ yọ sí i lọ́kàn. Kò tíì sí fíìmù kan tí gbogbo ìlú mọ̀ mọ́ Máròkó bẹ́ẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òṣèré àti òǹkọ̀tàn kún Lekki àti Àjáh fọ́fọ́. Ohun tí wọ́n ń ṣe nínú àwọn ilé ńlá yẹn ni ìyàwó tí ń jowú àti ọkọ tí ó ní àlè. Àwọn ará Ẹ̀gùn tí wọ́n lé kúrò ní Òtòdò Gbàmẹ̀ láàárín 2016 sí 2017, ní ìhà ọ̀sà Lekki kan náà, àwọn náà ní ìyá, wọ́n ní bàbá àgbà.

Ohun kan tún wà tí àwọn ará Amẹ́ríkà mọ̀ ọ́n ṣe. Ní 1988 ni wọ́n ṣe òfin pé kí ilé ìkàwé ìjọba wọn máa yan fíìmù mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ́dọọdún tí a gbọ́dọ̀ pa mọ́ kí ó má bàjẹ́. Nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n àkọ́kọ́, ní 1989, ni The Grapes of Wrath wà, pẹ̀lú High Noon, Casablanca àti Gone with the Wind. Ìjọba pa fíìmù tí ó bú báǹkì mọ́ bí ohun iyebíye. Ẹ wá fi wé ti àwọn ará ilé. Ọ̀run Móoru tí Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá, ṣe ní 1982, àwọn olè ni wọ́n kọ́kọ́ mọ iyì rẹ̀, wọ́n dà á kọ sí fídíò, wọ́n sì fi gbèsè sí olówó rẹ̀ lọ́rùn.

Olólùfẹ́ sinimá yóò ní ilé sinimá kò lè gbé fíìmù ọgọ́rin ọdún ó lé kalẹ̀, pé kò sí ẹni tí yóò ra tíkẹ́ẹ̀tì. Òótọ́ ni. Ọlọ́jà kì í pàtẹ ohun tí kò tà. Ṣùgbọ́n olùkọ́ kì í ṣe ọlọ́jà. Ògiri funfun kan àti ẹ̀rọ àfihàn kan tó fún kíláàsì kan ní ọ̀sán Ẹtì. Nígbà ayé àwọn Gẹ̀ẹ́sì, inú ọkọ̀ ni wọ́n ń gbé sinimá lọ sí abúlé, àwọn ènìyàn sì ń jókòó sórí ẹní. Kí olùkọ́ náà má ṣe gbìyànjú láti parí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kí ó sọ fún wọn pẹ̀lú pé ìparí fíìmù kọ́ ni ìparí ìwé: Ford ti ibùdó dáradára tí ìjọba kọ́ sí ẹ̀yìn kí àwọn òǹwòran lè fi ìrètí lọ sílé, ṣùgbọ́n Steinbeck parí tirẹ̀ sínú omíyalé àti ebi.

Ibi tí ó yẹ kí ó ti dá ẹ̀rọ dúró ni ibi tí Muley ti ń sọ ohun tí ó sọ ilẹ̀ di tẹni. Kí ó rán àwọn ọmọ náà lọ sílé kí wọ́n bi àwọn òbí wọn léèrè ibi tí a sin ìwọ́ wọn sí, kí wọ́n sì bi wọ́n léèrè ibi tí a sin ti àwọn òbí náà sí, àti ẹni tí ń gbé orí ilẹ̀ náà nísinsìnyí. Àwọn kan yóò mú orúkọ Ìjẹ̀bú wá, àwọn kan Ìlàjẹ, àwọn kan Owerri. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan nínú wọn, ọmọ aṣọ́gbà tàbí ọmọ aláṣọ fífọ̀, mú orúkọ Máròkó wá. Kí ó jẹ́ kí ọmọ yẹn kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kí ó tó tan ẹ̀rọ padà.